Bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kún dùrù onífèrè

Dùrù ńlá onífèrè, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní orgue, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ẹ wo ti Notre-Dame ní Paris. Aristide Cavaillé-Coll tún un kọ́, ó parí rẹ̀ ní 1868 pẹ̀lú ohùn 86, ìyẹn ẹgbẹ́ fèrè tí atẹdùrù lè yàn. Àwọn fèrè tó bá níbẹ̀ láti ìgbà àwọn ọba, kò dà wọ́n nù. Lónìí ohùn náà ti di 115, fèrè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8000.

Ní 1992 wọ́n fi kọ̀ǹpútà sí i. Òun ló ń mọ ibi tí ìka tẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí fèrè kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó dáa o! Àmọ́ kò pé ọdún 25 tí wọ́n tún fi pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn parí ní 2014. Fèrè tó ti lé ní igba ọdún ṣì ń dún ní tirẹ̀. Nígbà tí òrùlé jóná ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2019, iná ò jó fèrè, eruku òjé ló bò wọ́n. Wọ́n tú wọn, wọ́n nù wọ́n, wọ́n tò wọ́n padà, dùrù náà sì tún dún nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kejìlá 2024.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń gba inú baffle gbé jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè gidi. Owó àti àyè ló fà á. Fèrè tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù lọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 10. Ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ló ráyè ìyẹn? Ní tiwa, a ò bá wọn jà lórí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, bí wáyà rẹ̀ bá ti dá wà, tí fèrè á ṣì máa dún lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú.

Ooru ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ilé bá gbóná, ohùn fèrè á gòkè, ti baffle ò ní kúrò lójú kan, àwọn méjèèjì á wá máa bára wọn jà létí ìjọ. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn ooru, tó sì ń yí ohùn baffle tẹ̀lé fèrè. Níbi tí kò bá sí, ṣe ni atẹdùrù á pa baffle títí ilé á fi tutù.