Àmì-Ẹ̀yẹ, Òfin, àti Ẹ̀tọ́ Ajagun-fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé òfin tí ó ń fún sójà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá ní owó tí ó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu irú òfin bẹ́ẹ̀. Akin tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kò yẹ kí ó máa tọrọ jẹ lọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: ta ni ó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan jẹ́ akin?

Lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn baba wa ti jagun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin tiwọn. Ní 1856 ni wọ́n dá Victoria Cross sílẹ̀, èyí tí ó ga jù lọ nínú àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà wọn. £10 lọ́dún ni wọ́n so mọ́ ọn fún sójà tí kì í ṣe ọ̀gá. Ní 1959 wọ́n sọ ọ́ di £100, fún ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀yìn bákan náà. Ó di £1,300 ní 1995, ó sì di £10,000 ní 2015. Owó náà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àfikún owó kò wá ẹni tí a gbàgbé rí.

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Bí mo ti ń ka oríkì ni mo ṣe ń ka ìwé ìyìn tí ó ń bá àmì-ẹ̀yẹ rìn. Ẹ wo ti Lieutenant Wallace Wright, tí ó gba Victoria Cross nítorí ìjà kan ní Àríwá Nàìjíríà ní 1903, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀ Sókótó. Ìwé náà sọ pé ọ̀gá kan péré àti ọmọ-ogun 44 ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n dúró de ẹlẹ́ṣin 1,000 àti ẹlẹ́sẹ̀ 2,000 fún wákàtí méjì. Wright ní orúkọ nínú ìwé náà. Àwọn 44 kò ní ju iye lọ. Oríkì àti ìwé ìyìn jọ ara wọn ní ọ̀nà kan: ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò ẹlẹ́rìí tí ohùn rẹ̀ ń dé ààfin. Nínú ogun àwọn amúnisìn, òyìnbó ọ̀gá ni ẹlẹ́rìí náà.

Bí mo ti ń bá ará Ìmọ̀rù sọ̀rọ̀, n kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní Ẹ̀mùrẹ́-Ilé, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ níbí, ni wọ́n bí Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un, ó sì bá 81st Division lọ sí Bọ́mà, nínú nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Éṣíà. Ní March 1944, àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù ba dè wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, há sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó bọ́ wọn tí ó sì fi wọ́n pamọ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Ọ̀gá wo ni ì bá kọ ìwé ìyìn fún un? Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà, ìwé rẹ̀, A Stroke of Unbelievable Luck, sì jáde ní 1999, lẹ́yìn ọdún 55. Ó kú ní 2012. Òfin tí ó bá ń wo àmì-ẹ̀yẹ nìkan kò lè rí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, tí wọ́n wà lábẹ́ Faransé, rí ìṣòro mìíràn. Níbẹ̀, orílẹ̀-èdè ẹni ni òfin fi ń díwọ̀n. Òfin ìnáwó tí Faransé ṣe ní December 1959 mú kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà láti ilẹ̀ tí ó gba òmìnira dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn ará Faransé ń gòkè. Ní November 2001, ilé ẹjọ́ Conseil d'État sọ nínú ẹjọ́ Diop pé ìyàtọ̀ náà kò tọ́. Fíìmù Indigènes jáde ní 2006, òfin ìnáwó ti 2007 sì mú owó àwọn tí ó jagun àti ti àwọn tí ogun ṣe léṣe dọ́gba pẹ̀lú ti Faransé. Ó pẹ́ púpọ̀, ọ̀pọ̀ sì ti kú. Síbẹ̀ ẹ kíyè sí i: òfin yìí kò béèrè àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà. Ẹni tí ó jagun ni ó ń wò, àti ẹni tí ó gbé ọgbẹ́ bọ̀.

Nílé tiwa, abala 173 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 pàṣẹ pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí a bá tún owó oṣù ṣe, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Àwọn ọmọ-ogun wà lára wọn. Ìpìlẹ̀ rere ni, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe ni ó dúró lé.

Nítorí náà, n kò ní kí a má bọlá fún akin. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a bá fẹ́ mú òfin gbòòrò, ẹ̀tọ́ gbogbo ajagun-fẹ̀yìntì ni kí ó kọ́kọ́ gbòòrò, kí owó àmì-ẹ̀yẹ jẹ́ àfikún lórí rẹ̀. Àwọn ará Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jagun láàrin 1967 àti 1970 ṣì wà láàrin wa, àti àwọn tí ó bá ECOMOG lọ sí Làìbéríà láti 1990. Iṣẹ́ àwa tí ó mọ̀wé ni láti gba ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ní Ìmọ̀rù àti ní Ìfọ̀n, kí aṣòfin má baà lè sọ lọ́la pé òun kò rí ẹlẹ́rìí.