Ọ̀rọ̀ Kan Péré: John Stuart Mill àti Ẹ̀tọ́ Ìdìbò Àwọn Obìnrin

Bí èrò amòye kan nípa ìwà ẹ̀tọ́ bá tako ti àwùjọ rẹ̀, ṣé kí ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, tàbí kí ó dúró di ìgbà tí etí yóò lè gbà á? Ìtàn John Stuart Mill (1806–1873), amòye ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ó fi yẹ ìbéèrè yìí wò.

Ní nǹkan bí 1861 ni Mill kọ The Subjection of Women, ìwé tí ó fi hàn pé kò tọ́ kí òfin fi obìnrin sábẹ́ ọkùnrin. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń dúró de àkókò tí yóò wúlò jù. Ní 1865, wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1866, Barbara Bodichon, Emily Davies àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣètò ìwé ẹ̀bẹ̀ tí nǹkan bí 1,500 obìnrin fọwọ́ sí, Mill sì gbé e síwájú Ilé.

Nígbà tí wọ́n ń jíròrò òfin ìdìbò tuntun ní 1867, ọ̀rọ̀ kan péré ni Mill ní kí wọ́n yí padà: kí wọ́n fi "person" rọ́pò "man". Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "man" lè jẹ́ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ọkùnrin. Àbá náà mú kí àwọn aṣòfin fi ẹnu ara wọn sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Aṣòfin 73 gbà á, 196 kọ̀ ọ́. Yorùbá ti ya ènìyàn sọ́tọ̀ sí ọkùnrin ní tiwa, ṣùgbọ́n kí á má tìtorí èyí yangàn: ìyàtọ̀ inú èdè kì í ṣe ẹ̀rí pé ìdọ́gba wà nínú ìṣe.

Mill pàdánù ìjókòó rẹ̀ ní 1868. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1869. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ̀sọ̀ṣe ní iye tí ó ń náni. Ọdún 1918 ni àwọn obìnrin kan tí ó ti pé ọmọ 30 ọdún tó rí ẹ̀tọ́ náà gbà, 1928 sì ni ó tó dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin. Emily Davies dìbò ní 1918 ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bodichon ti kú láti 1891.

Amòye lè yan àkókò tí yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà ń jẹ ni ó ń san owó ìdúró náà. Ohun tí ó gba Mill lọ́wọ́ ẹ̀bi ni pé, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú àpótí, òun fúnra rẹ̀ kò dákẹ́.