Bí eku ṣe ń gba orí igi wọlé l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àti bí a ṣe lè dínà mọ́ wọn

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, igi mángòrò tàbí igi ọsàn kì í jìnnà sílé. Nítorí èso àti ibòji ni wọ́n ṣe gbìn ín sẹ́yìnkùlé, nígbà tó sì dàgbà tán, ẹ̀ka rẹ̀ na apá dé orí páànù. Àwọn onílé mọ̀ pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí àgbàlá, wọ́n sì mọ̀ pé òkò àwọn ọmọdé kì í jẹ́ kí páànù sinmi nígbà tí mángòrò bá pọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò kà sí ni pé ẹ̀ka yìí kan náà ni afárá tí eku ń gbà dé òkè àjà lóru.

Kì í ṣe gbogbo eku ló ń gun igi. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí orúkọ eku fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá: òkété ń gbé inú ihò ilẹ̀, asín ní òórùn tirẹ̀, ẹlírí kò sì ju bíńtín lọ. Èyí tó ń dààmú igi àti òrùlé ni eku dúdú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rattus rattus. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti ṣẹ̀ wá, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé e kárí ayé. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, òun ló sì fi ń dúró déédéé lórí ẹ̀ka tín-ín-rín àti wáyà iná. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ó sì lè bí ọmọ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ihò tí àtàǹpàkò bá ti lè gbà kọjá, ọmọ eku lè gbà á.

Eku kejì tó yẹ ká mọ̀ ni eku ọlọ́mú púpọ̀, Mastomys natalensis, tó ń gbé inú oko àti inú ilé. Òun ló ń gbé kòkòrò àrùn ibà Lassa kiri. Ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri ló mọ̀ ju orí igi lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì rẹ̀ nínú òkùnkùn? Ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno báyìí, ni àrùn náà ti gba orúkọ lọ́dún 1969, nígbà tó kọ lu Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, tó sì pa á. Nílẹ̀ Yorùbá, ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti ń ṣọṣẹ́ jù, pàápàá lágbègbè Ọ̀wọ̀. Ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ eku kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin, ni ibà Lassa máa ń gbilẹ̀ jù lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń dáná sun igbó, tí eku ń sá wọ ìlú. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ àti láfún sórí àpáta, sétí títì àti sórí páànù, tí mángòrò sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni àrùn náà ń bá wọnú oúnjẹ. Iná tó gbóná dáadáa ń pa kòkòrò rẹ̀, nítorí náà àmàlà tí wọ́n fi omi híhó rò kò fi bẹ́ẹ̀ léwu tó gaàrí tí a fi omi tútù mu. Gaàrí kò tún rí iná mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án tán. Àpò gaàrí tí eku ti jẹ lẹ́nu kò yẹ ní mímu rárá.

Wàhálà eku kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eégbọn ara eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun ló mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún àwọn àdúgbò tó há gádígádí ṣe. Àwọn wolé-wolé ayé ìgbà náà mọ̀ pé ìmọ́tótó ilé ni wọ́n fi ń bá eku jà.

Igi ni kí onílé ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ òrùlé, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó mítà 2, nítorí eku dúdú mọ̀ ọ́n fò. Kí wọ́n gé imọ̀ gbígbẹ tó rọ̀ sára ọ̀pẹ àti àgbọn, ibẹ̀ ni eku ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Èso tó bá já sílẹ̀, kí wọ́n ṣà á kí ilẹ̀ tó ṣú. L'Ógbòmọ̀ṣọ́ tí mángòrò ti sọ di olókìkí, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tó ń sòkò náà lè ṣà á.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gé igi lè fi páànù pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 yí ìdí igi náà ká, kí ìsàlẹ̀ páànù náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀. Èékánná eku kò lè di ibi tó bá ń dán mú. Wáyà ni kí wọ́n fi so ó, kì í ṣe ìṣó, kí wọ́n sì máa tú u bí igi bá ṣe ń sanra. Asán ni gbogbo rẹ̀ bí orí igi náà bá kan fẹ́ǹsì, wáyà iná tàbí igi mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ló kan ilé fúnra rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri ló burú jù, nítorí ìgbì páànù máa ń fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ há àti sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n fi dí i. Eku máa ń jẹ igi àti ike já, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù. Ilé alámọ̀ nílò àbójútó jù, eku lè gbẹ́ ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àjà àtijọ́ tí wọ́n ń kó àgbàdo àti èlùbọ́ sí, kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò níbẹ̀ lọ sínú àgbá tó ní ìdérí tó dé dáadáa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe gbogbo èyí, oògùn eku tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó lójà ni wọ́n ń sáré rà. Eku tó jẹ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó kú, òkè àjà ni yóò sì ti máa rùn. Bí ológbò bá jẹ ẹ́, ológbò náà lè bá a lọ. Èyí tó burú jù ni lílo Sniper nínú ilé. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ tí kò ju mílílítà 100 lọ nínú ọjà, nítorí oògùn oko ni.

Tàkúté sàn jù. Ẹ̀gbẹ́ ògiri àti orí igi àjà ni kí wọ́n dẹ ẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni eku ń gbà. Eku máa ń fura sí ohun tuntun, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹja gbígbẹ sórí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdẹ ẹ́, kó lè mọ́ ọn lára.

Òkú eku kò ṣeé fi ọwọ́ lásán gbé, kò sì yẹ kí ọmọdé sun ún jẹ. Kí wọ́n fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí wọ́n da omi apakòkòrò bíi Jik tàbí Hypo sí i, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìgbẹ́ eku náà, kí wọ́n fi omi apakòkòrò rin ín kí wọ́n tó nù ún. Bí wọ́n bá gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ lè wọ imú.

Láàárín ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn tí èèyàn bá kó ibà Lassa ni àmì rẹ̀ máa ń yọjú: ara gbígbóná, ẹ̀fọ́rí, ọ̀fun dídùn, èébì, nígbà mìíràn kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ. Ó jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀. Bí oògùn ibà kò bá ran ara gbígbóná láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3, kí wọ́n gbé aláìsàn náà lọ sílé ìwòsàn ìjọba l'Ọ̀yọ́, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bowen tàbí ti LAUTECH l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé.