Sìtabiláísà àti Adùn Orin: Ọ̀rọ̀ Iná Láàrin Fìdítì àti Ìlorà

Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Bí ènìyàn bá wọ ilé kan ní Fìdítì tàbí ní Ìlorà, tí ó sì bá ẹ̀rọ orin níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àpótí onírin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ń mì lójú rẹ̀. Sìtabiláísà ni. Onílé yóò ní òun rà á kí iná má baà ba ẹ̀rọ òun jẹ́. Bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀, yóò fi kún un pé láti ìgbà tí òun ti rà á ni ohùn orin ti dùn sí i. Apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Apá kejì ni a fẹ́ tú wò, a kò sì lè tú u láìmọ bí orin àti iná ṣe pàdé nínú ilé wa.

Orin ti wọ ilé wa kí iná tó wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gírámafóònù tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀. Irin tí ó ká jọ nínú rẹ̀ ni ó ń yí àwo. Bí irin náà bá ti ń rọ̀, akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn, ọmọdé á sì sáré lọ yí i. Ní 1939 ni iṣẹ́ Rediffusion dé Ìbàdàn. Orí wáyà ni ohùn ń gbà wá láti ilé-iṣẹ́ wọn, àpótí tí a sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò sì béèrè iná lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn èyí ni rédíò alábátìrì dé, tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ apá lọ sí oko. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tí kò ní iná kò pàdánù orin.

Rẹ́díógíráàmù ni ó yí ọ̀ràn padà, nítorí òun kò lè ṣe ohunkóhun láìsí iná. Ìjọba ti dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀ ní 1950. Ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968. Ní 1972 ni wọ́n pa Electricity Corporation àti àjọ tí ń bójú tó ìdídò pọ̀, tí wọ́n sọ wọ́n di NEPA. Nígbà tí owó Údójì sì jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò ní ju rédíò alábátìrì lọ tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń tò àwo orin sínú àpótí. Ẹ̀rọ pọ̀ sí i ju bí iná ṣe pọ̀ sí i lọ. Ibẹ̀ gan-an ni sìtabiláísà ti rí ọ̀nà wọlé.

Bí iná ṣe ń rìn lórí wáyà, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ilé tí ó wà nídìí tìràǹsífọ́mà lè rí fólítì 230 gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, kí ilé tí ó wà ní òpó ìkẹyìn má rí ju 160 lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá tan iná wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 160, fólítì tí ń bọ́ ẹ̀rọ orin kò ju nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n agbára ohùn tí ó lè gbé jáde láìfọ́ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lè má mọ ìyàtọ̀. Jẹ́ kí ó gbé e sókè nítorí àlejò: ìlù á fọ́, ohùn á há. Bí a bá wá gbé sìtabiláísà sí i, orin á tún gún régé. Òtítọ́ ni onílé náà sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Àpótí náà kò fi adùn kún orin. Ó dá ohun tí wáyà ti jẹ padà ni.

Bí iná bá ti wà ní 230 tàbí nítòsí rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù fún un láti dá padà. Iná tí ń wọlé ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ orin fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di èyí tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ó sì ń pọn ọ́n pamọ́ bí omi inú àmù. Inú àmù yìí ni orin ti ń bu mu, kì í ṣe inú odò. Ìdí nìyí tí èmi kò fi gba ti àwọn òǹtajà ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba, tí ń ta irú àpótí báyìí ní owó gọbọi fún àwọn tí iná wọn kì í ṣe ségesège. Ní ìlú Ọba, láti 1995, iná kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bí 216 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 253 lọ. Kí ni wọ́n ń tún ṣe?

Ohun mìíràn wà tí sìtabiláísà kò lè wò sàn rárá. Ọ̀pọ̀ rẹ́díógíráàmù ń fi ìgbà 50 yẹn ṣe òǹkà ìyíkà àwo wọn. Bí ó bá dín kù sí 48, àwo tí ó yẹ kí ó yí ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní ju 32 lọ. Orin á falẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀, bí fólítì tilẹ̀ pé pérépéré. (Ó yà mí lẹ́nu pé gángan kì í sọnù nínú èyí: gbogbo ohùn rẹ̀ ni ó jọ ń wálẹ̀, nítorí náà ohun tí ó ń wí kò yí padà. Akọrin nìkan ni ó ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.)

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo iná. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn aṣọ títa, kí ó máa yọ sìtabiláísà tàbí kí ó máa fi í sí i bí ó ti wù ú, nígbà mẹ́wàá, kí olùgbọ́ sì máa kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba márùn-ún, orí ló bá a ṣe é, kì í ṣe etí.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó kàn wá jù ni ti aládùúgbò. Kí àpótí kan tó lè sọ 160 di 230, ó ní láti fa iná tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti orí wáyà. Bí ogún ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kan, 160 á di 150 fún ẹni tí kò ní owó rà á. Adùn orin tèmi á wá di òkùnkùn nínú yàrá rẹ̀. Àwọn àdúgbò kan ti mọ èyí lára, wọ́n sì ti dá owó jọ ra tìràǹsífọ́mà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn ni. Ní alẹ́ tí wọ́n bá tan irú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ojú sìtabiláísà á dúró jẹ́ẹ́ lórí 220, ìró kà-kà-kà tí ó máa ń pa láàrin orin á sì dákẹ́.