Aṣálẹ̀ Kọ́ Ló Bí Àkekèé

Bí fíìmù bá fẹ́ fi àkekèé hàn wá, yanrìn gbígbóná ni a máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ìrù rẹ̀ yóò yọ lábẹ́ òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé aṣálẹ̀ ni orírun rẹ̀, pé láti ibẹ̀ ló ti rìn dé ilẹ̀ yòókù. Ìtàn yẹn ti doríkodò.

Ọjọ́ orí nìkan ti tó láti já a. Ní Scotland, ilẹ̀ òtútù òun òjò lónìí, ni wọ́n ti rí àkekèé tó ti di òkúta láti ohun tó ju mílíọ̀nù ọdún 420 lọ. Ní East Kirkton, lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà, wọ́n tún rí Pulmonoscorpius, àkekèé tó gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 330 sẹ́yìn. Sàhárà ńkọ́? Yanrìn àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní Ṣáàdì, tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ọjọ́ orí rẹ̀, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 7 lọ. Ta ló rí ọmọ tó dàgbà ju ìyá tó bí i lọ?

Ẹlẹ́rìí wà nítòsí wa pẹ̀lú. Nínú igbó Gánà, Tógò àti Benin, Pandinus imperator, àkekèé dúdú ńlá tó lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ń sá pamọ́ sínú òkìtì ọ̀gán. Ibi tó lọ́rinrin ló ń fẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í bá a lára mu.

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo wá ni àwọn ti aṣálẹ̀ ṣe ń fara da oòrùn. Èèpo ara wọn ní ọ̀rá bí ìda tí kì í jẹ́ kí omi tètè jáde, wọ́n ń gbẹ́ ihò, òru ni wọ́n ń jáde, wọ́n sì lè wà fún oṣù púpọ̀ láìjẹun. Àwọn ti inú igbó náà ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń ṣọdẹ lóru, ebi kì í sì í tètè pa wọ́n. Aṣálẹ̀ kàn pọ́n ohun tí wọ́n gbé wá ni.

Ẹsẹ̀ wọn ló fi èyí hàn jù. Lẹ́sẹ̀ àkekèé Buthacus ti Sàhárà, irun tò bí eyín òòyà, kó má baà rì sínú yanrìn. Smeringurus mesaensis ti aṣálẹ̀ California ní irú òòyà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdílé wọn ò pa pọ̀, òkun sì wà láàárín wọn. Olúkúlùkù ló bá ọ̀nà tirẹ̀ wọ aṣálẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀.

Àkekèé kò sì tíì dúró. Ní Brazil, Tityus serrulatus, tí abo rẹ̀ ń bímọ láìrí akọ, ti wọ gọ́tà ìlú São Paulo, níbi tó ti ń jẹ aáyán.