Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé òwe yìí ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírìn lọ. Ọjà pàápàá ní ọ̀nà tó ń gbà dé ọwọ́ wa. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá dí la ó mọ̀ bóyá a ṣírò dáadáa.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2000, àrá sán lu wáyà iná ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, iná sì ṣẹ́ yọ ní ilé iṣẹ́ Philips tó ń ṣe ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú fóònù nílùú Albuquerque. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi pa iná náà, ṣùgbọ́n èéfín àti omi ti ba yàrá tí eruku ò gbọdọ̀ wọ̀ jẹ́. Philips ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, títí kan Nokia àti Ericsson tó ń ṣe fóònù, pé ìdádúró náà ò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nokia ò jókòó tì í. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè, ìgbà tí wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́, wọ́n yí sí àwọn ilé iṣẹ́ Philips tó wà níbòmíràn àti sọ́dọ̀ àwọn olùpèsè míràn. Ericsson ní tirẹ̀ ti gé olùpèsè kejì kúrò tẹ́lẹ̀ kí ìnáwó lè dín kù. Kò ríbi yà sí. Ọjà tó yẹ kó tà tí kò rí tà tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là.

Mi ò ní bú Ericsson. Ọ̀nà kejì ń gba owó: ẹni tí a ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dín owó fúnni bí ẹni tí a ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ṣòro ni pé, ọjà wo ló yẹ ká náwó ọ̀nà kejì lé lórí? Ọ̀pọ̀ yóò ní èyí tó wọ́n jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Simchi-Levi ti yunifásítì MIT, tó bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, gba ibòmíràn yọ sí i. Kò wá irú àjálù tó lè dé, torí ta ló mọ ibi tí àrá yóò sán sí? Iye ọjọ́ méjì ló ní ká kà: iye ọjọ́ tí olùpèsè yóò lò kó tó dìde tó bá ṣubú, àti iye ọjọ́ tí ohun tó wà nílẹ̀ lè gbé wa. Bí ti àkọ́kọ́ bá ju ti ìkejì lọ, ewu wà níbẹ̀. Ní Ford, ewu ńlá fara hàn lára àwọn ohun tí owó wọn ò tó nǹkan, tí ẹnikẹ́ni ì bá má fọkàn sí.

Ìṣírò yìí bá ọjà Mile 12 l'Ékòó mu gan-an. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ nílẹ̀ wa dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀wà àti tòmátì ń gbà, síbẹ̀ ìpinnu wọn ò lè jọra. Ẹ̀wà ṣeé kó pa mọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí náà yàrá ìkẹ́rùsí tó fún ẹlẹ́wà. Tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Oko tó sún mọ́lé ló nílò, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejì ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn máa ń gbẹ. Onítòmátì tó bá fẹ́ ọ̀nà kejì lákòókò yẹn, omi tí àgbẹ̀ yóò fi rin oko ló máa kọ́kọ́ wá, kó tó wá ọkọ̀.