Ìwé Ìlò Inú Kọ̀ǹpútà: Bí Mo Ṣe Kọ́ Linux

Àwọn kan máa ń bi mí pé ìwé wo ni ẹni tí ó ti mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa lè fi kọ́ Linux. Ìtàn ni n ó fi dáhùn, nítorí mo pàdánù ohun iyebíye kí n tó mọ ìdáhùn náà.

Ní ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Windows ni mo ti ń lò láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì máa gbé kọ̀ǹpútà wọn wá kí n bá wọn tún un ṣe. Ìjálá tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá ọdẹ wà nínú kọ̀ǹpútà tèmi, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ Canonical a máa fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Ọdún 2011 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo gba Ubuntu 7.04, mo sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ Windows.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ nu gbogbo ohun tí ó wà lórí fíláàṣì kan kúrò. Mo rí ìlànà kan tí kò ní déètì. Ó ní sda ni Linux ń pe fíláàṣì, ó sì kọ àṣẹ tí n ó tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni ìlànà náà sọ nígbà tí wọ́n kọ ọ́: hda ni orúkọ díìsìkì inú kọ̀ǹpútà nígbà náà, sda sì sábà máa ń jẹ́ ti fíláàṣì. Ṣùgbọ́n nínú Ubuntu 7.04, díìsìkì inú kọ̀ǹpútà gan-an ti di sda. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ibi tí ìjálá wà ni mo fi ọwọ́ ara mi nù.

Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá ìbá béèrè. Èmi kò béèrè. Bí èdè àkọ́kọ́ ṣe ń da ahọ́n rú nínú èdè kejì ni ọ̀rọ̀ mi rí. Mo ń wá C àti D níbi tí gbogbo nǹkan ti wà lábẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo. Mo rò pé fáìlì «Ijala» àti «ijala» kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n jẹ́ fún Linux.

Ohun tí ó yẹ kí n kà sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Àpẹẹrẹ Unix ni Linux tẹ̀lé, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní 1969. Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni déètì tí ó wà lára ìwé ìlò Unix àkọ́kọ́. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣàlàyé lọ́tọ̀: orúkọ rẹ̀, bí a ṣe ń kọ ọ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé àyè wà níbẹ̀ tí a ti ń jẹ́wọ́ àléébù àṣẹ náà, àti àyè tí a ti ń sọ ẹni tí ó ni ín. (Ọlọ́jà mélòó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?)

Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, àṣà ìwé ìlò yìí bá Linux rìn. Ẹ tẹ man, kí ẹ fi orúkọ àṣẹ tẹ̀lé e. Ìwé náà àti àṣẹ tí ó ń ṣàlàyé jọ ń wọ inú kọ̀ǹpútà ni, nítorí náà ọjọ́ orí wọn sábà máa ń dọ́gba. Kò dùn-ún kà, n kò ní purọ́. Ó gbà pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ kọ́kọ́ ka The Linux Command Line ti William Shotts, tí a lè rí kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ArchWiki náà wúlò, kódà fún ẹni tí kì í lo Arch. Ìlànà yòówù tí ẹ bá rí, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó wo ohun tí ó sọ.

PhotoRec, iṣẹ́ ọwọ́ Christophe Grenier, ni ó bá mi kó púpọ̀ nínú ohùn náà padà. Kò mú orúkọ fáìlì bọ̀. Nọ́ńbà ni ó fi rọ́pò wọn. Mo gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti dá ohùn mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọdẹ náà ti papòdà kí n tó padà lọ bá wọn. Ìjálá mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ mi tí n kò mọ ẹni tí ó sun wọ́n.